Ìyá ọmọ ní òun ò ṣẹjọ́ mọ́: ṣé ẹjọ́ ti kú nìyẹn?

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní agbègbè Adigbẹ, ní Abẹ́òkúta. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi, ọmọ ọdún 11, ń sunkún, kò sì lè jókòó dáadáa. Nígbà tí mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ọkùnrin tó ń gbé yàrá kan nínú ilé wọn ló fipá bá òun ṣe nǹkan. A pe ìyá rẹ̀, a lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n mú ọkùnrin náà, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù Májísíréètì, wọ́n ní fáìlì ti lọ sí Òkè-Mọ́sàn, níbi tí Ilé Iṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ Ìpínlẹ̀ wà, fún ìmọ̀ràn. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ilé ti dá sí i. Ìyá ọmọ ti kọ̀wé sí ọlọ́pàá pé òun ò ṣe ẹjọ́ mọ́, mo sì gbọ́ pé wọ́n fún un lówó. Ọlọ́pàá tó ń wádìí ní kí n má da ara mi láàmú, pé bí ìyá bá ti fà sẹ́yìn, kò sí ẹjọ́ mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Ta ló ń pinnu bóyá ìjọba máa pẹjọ́ tàbí kò ní pẹjọ́, kí ni wọ́n sì ń wò? Ẹ tún bá mi sọ ìdí tí ẹjọ́ ọmọkùnrin kan tí alágbàtọ́ rẹ̀ fi áyọ́ọ̀nù jó lọ́dún tó kọjá fi parí sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́ wa, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Ẹjọ́ náà ò tíì kú. Ọlọ́pàá tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ṣì yín lọ́nà, yálà ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí òun náà ò mọ̀.

Bí ẹjọ́ yìí bá dé Ilé Ẹjọ́ Gíga, Ìpínlẹ̀ Ògùn ni akọ̀wé kóòtù máa pè gẹ́gẹ́ bí olùpẹjọ́. Kò ní pe ìyá ọmọ, kò sì ní pe ọmọ. Ẹlẹ́rìí ni àwọn méjèèjì, bí ẹ̀yin náà ṣe jẹ́ ẹlẹ́rìí, ẹni tí kò sì ni ẹjọ́ ò lè fà á sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín: lẹ́tà tí ìyá kọ yẹn lè gba ọ̀nà ẹ̀yìn ba ẹjọ́ náà jẹ́. Agbẹjọ́rò ìjọba tó fẹ́ pinnu kì í wo ẹni tó ń bínú, kì í sì í wo ẹni tó ti dárí jì. Ohun tó wà nínú fáìlì ló ń wò, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ìyá ni púpọ̀ nínú ohun tó yẹ kó wà nínú fáìlì yẹn ti ń jáde. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ kí ẹ fi ìyá sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ máa ro ohun tó wà nínú fáìlì àti ohun tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń pinnu. Abala 211 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 gbé agbára náà lé Agbẹjọ́rò Àgbà Ìpínlẹ̀ lọ́wọ́, ẹni tó tún máa ń jẹ́ Kọmíṣọ́nà fún Ètò Ìdájọ́. Ó lè bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ọ̀daràn, ó lè gba ẹjọ́ tí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ kó máa bá a lọ, ó sì lè dá ẹjọ́ dúró nígbàkigbà kí ìdájọ́ tó jáde. Òun fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń ka fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ka àwọn olùpẹjọ́ ní Ilé Iṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ ní Òkè-Mọ́sàn ló ń bá a ṣe é, olórí wọn ni gbogbo ayé ń pè ní DPP.

Ẹ̀sùn pé àgbàlagbà bá ọmọdé lòpọ̀ wúwo ju ohun tí Májísíréètì lè dá lẹ́jọ́ lọ, torí ẹ̀wọ̀n gbére wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ọkùnrin yẹn lọ síwájú Májísíréètì, ẹjọ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀ gan-an. Àṣẹ ni wọ́n lọ gbà tí wọ́n á fi tì í mọ́lé, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà fáìlì ránṣẹ́ sí DPP. Ní Òkè-Mọ́sàn, wọ́n á gbé fáìlì fún agbẹjọ́rò kan. Ó máa ka ohun tí ọmọ sọ, ohun tí ìyá sọ, ohun tí afurasí sọ, ìwé dókítà àti ìròyìn ìwádìí ọlọ́pàá, kó tó kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ̀rí tó wà níbẹ̀ bá tó láti pe ẹni náà wá jẹ́jọ́, wọ́n á gbé ìwé ẹ̀sùn lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga. Bí kò bá tó rárá, wọ́n á ní kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ọ̀nà kẹta wà tí àwọn èèyàn kì í gbọ́ nípa rẹ̀, òun ni mo sì rí pé ó ń jẹ oṣù jù: wọ́n á dá fáìlì padà sọ́dọ̀ ọlọ́pàá pé kí wọ́n lọ wá nǹkan tó kù. Ó lè jẹ́ ìwé ọjọ́ orí ọmọ, ó lè jẹ́ ìwé dókítà tí kò ní orúkọ, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí tí ẹnikẹ́ni ò gbà sílẹ̀. Bí ọlọ́pàá tó ń wádìí bá ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ìyá ò fẹ́ mọ́, kò sí ohun tó máa lé e jáde lọ wá a. Fáìlì á wà nílẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ọmọ púpọ̀ ti ń kú láìsí agbẹjọ́rò kankan tó pinnu pé kó kú.

Agbẹjọ́rò tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé òfin wo ni òun máa fi pẹjọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ yín gbọ̀ngbọ̀n. Òfin Ọ̀daràn wa àtijọ́, ní abala 218, sọ pé ẹni tó bá bá ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 13 lòpọ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n gbére. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ní kí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ láàrin oṣù 2 tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀, ó sì ní a ò gbọ́dọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí kò sí ohun tó tì í lẹ́yìn. Oṣù méjì! Ọmọ tí wọ́n fi ọ̀bẹ halẹ̀ mọ́ lè dákẹ́ fún ọdún méjì. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ìjọba àpapọ̀ ní 2003, èyí tí Ìpínlẹ̀ Ògùn sọ di tirẹ̀ ní 2006, kò ka oṣù fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ni ọmọ lójú rẹ̀. Ìjìyà ẹni tó bá bá ọmọ lòpọ̀ ni ẹ̀wọ̀n gbére, kò sì sí àwáwí pé ọmọ gbà tàbí pé òun rò pé ó ti dàgbà. Bí ó bá jẹ́ ọmọkùnrin ni wọ́n ṣe é sí, Ògùn tún ní òfin tó dènà ìwà ipá sí ènìyàn, ti 2017, tó ka ìfipábánilòpọ̀ sí ọ̀ràn yálà obìnrin ni tàbí ọkùnrin. Ní ti ọmọ yín tó ti lé ní oṣù méjì, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ni mo máa fẹ́ rí lórí ìwé ẹ̀sùn.

Ọ̀rọ̀ wá kan ẹ̀rí, ibẹ̀ sì ni agbẹjọ́rò ti máa ń pẹ́ jù. Òfin ní kí adájọ́ dá ènìyàn lẹ́bi nígbà tí kò bá sí iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání mọ́. Agbẹjọ́rò ìjọba ò tíì nílò ìyẹn lórí tábìlì rẹ̀. Ohun tó ń wá ni ẹ̀rí tó jẹ́ pé bí kò bá sí ẹni tó já a, yóò tó. Síbẹ̀, òun ló máa dúró ní kóòtù, kò sì ní gbé ohun tó mọ̀ pé yóò wó lójú adájọ́ lọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá dá ọkùnrin náà sílẹ̀ lórí ẹjọ́ tí wọ́n kánjú gbé lọ, a ò lè tún un pè lórí ọ̀ràn kan náà. Nígbà míì tí ẹ bá gbọ́ pé DPP ń fà á, ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyẹn.

Ọmọ ọdún 11 ni ọmọ yín. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, ní abala 209, pààlà sí ọdún 14. Ọmọ tó bá ti pé 14 á búra, á sì sọ̀rọ̀ bí àgbà. Ẹni tí kò bá tíì pé e kì í búra. Adájọ́ fúnra rẹ̀ á bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ní òye tó, bóyá ó sì mọ̀ pé ó yẹ kí ènìyàn sọ òótọ́. Bí ó bá yege, á sọ ohun tó mọ̀ láìbúra. Lẹ́yìn náà ni gbólóhùn tó ń da àwọn tó ń ṣe irú ẹjọ́ yìí láàmú: ọ̀rọ̀ ọmọ náà nìkan ò tó láti fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, àfi kí ẹ̀rí mìíràn tó lágbára tì í lẹ́yìn, kí ẹ̀rí náà sì tọ́ka sí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn.

Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn, nítorí àwọn òbí àti ọlọ́pàá mìíràn kì í kà á dé òpin. Ìwé dókítà lè sọ pé wọ́n ṣe ọmọ léṣe. Kò lè sọ ẹni tó ṣe é. Agbẹjọ́rò tó ń ka fáìlì ń wá ohun tó so ọgbẹ́ yẹn mọ́ ọkùnrin yẹn. Ó lè jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ gbà nínú ohun tó sọ fún ọlọ́pàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí wọn ò bá gbà á sílẹ̀ lójú agbẹjọ́rò rẹ̀ tàbí sórí fídíò, wọ́n á bá a jà ní kóòtù. Ó lè jẹ́ aládùúgbò tó rí ọmọ níbi tó ti ń jáde ní yàrá ọkùnrin náà. Ó lè jẹ́ aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ tàbí nǹkan mìíràn wà lára rẹ̀, tí wọ́n tọ́jú láìfọ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ orí fóònù, owó tí ó fi ránṣẹ́ nígbà tí wọn ò tíì mú un, ẹ̀bẹ̀ tí ó rán ẹnì kan lọ bẹ̀. Bí àwọn àgbà ilé bá jókòó tí ọkùnrin náà sì dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ọmọ pé iṣẹ́ èṣù ni, àwọn tó wà ní ìjókòó yẹn ti di ẹlẹ́rìí, bí wọ́n fẹ́ bí wọ́n kọ̀.

Mo sọ ọ́ láìfi bò pé abala 209 yẹn nílò àtúnṣe. Ibi tí kò sí ojú mìíràn ni wọ́n ti ń ṣe ọmọ báyìí, bí ọmọ bá sì ṣe kéré tó ni òfin ṣe ń béèrè ojú mìíràn tó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a ti gba òfin náà wá, wọ́n yọ irú ìdíwọ́ yẹn kúrò ní 1988. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ògùn ò lè bá wa yọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀rí wà nínú ohun tí Òfin Orílẹ̀-èdè fi sí ọwọ́ Abuja nìkan. Àwọn aṣojú wa ní Abuja ni ó yẹ ká máa bi léèrè, pàápàá nígbà tí wọ́n bá wá tọrọ ìbò ní Kútọ̀ àti Pànṣẹ́kẹ́.

Olùkọ́ wa, ẹ̀yin gan-an wà lára ẹ̀rí tí fáìlì yẹn nílò. Ohun tí ọmọ sọ fún yín jẹ́ ẹ̀rí àgbọ́sọ bí a bá fẹ́ fi sọ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Ọmọ ló ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ fojú ara yín rí, tiyín ni: pé ó ń sunkún, pé kò lè jókòó, bí ó ṣe ń rìn, bí aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe rí, ọjọ́ wo, aago mélòó. Pé ó sọ̀rọ̀ láìpẹ́, tí ó sì dárúkọ ènìyàn kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀, agbẹjọ́rò á tò ó sí ìlà. Nínú lẹ́tà yín, ẹ ò sọ pé ọlọ́pàá gba ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀. Bí wọn ò bá gbà á, agbẹjọ́rò tó wà ní Òkè-Mọ́sàn ò mọ̀ pé ẹ wà láyé.

Ní ti ìwé dókítà, ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Ó ti kọjá fún ọmọ yìí, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ fún òbí tó ń kà á. Ẹ má wẹ ọmọ. Ẹ má fọ aṣọ. Ẹ gbé e lọ sí Ilé Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà tàbí Ilé Ìwòsàn Ìjọba Ìpínlẹ̀ ní Ìjàyè kí ẹ tó lọ ibikíbi, torí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ wọlé láàrin wákàtí 72, èyí tó sì ń dènà oyún fún ọmọ tó ti ń ṣe nǹkan oṣù kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 5 lọ. Ẹ ní kí dókítà kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, kí a lè kà á. Mo ti rí ìwé tí kò sí ẹni tó mọ ẹni tó buwọ́ lù ú, dókítà sì ti kó lọ sí òkè òkun. Bí kò bá sí ọgbẹ́ lára ọmọ, ìyẹn ò pa ẹjọ́. Ara ọmọdé tètè ń san, òfin ò sì béèrè pé kí ọgbẹ́ wà kí a tó mọ̀ pé wọ́n bá ènìyàn lòpọ̀.

Agbẹjọ́rò á tún fi ohun tí ọmọ sọ lákọ̀ọ́kọ́ wé ohun tó sọ lẹ́yìn náà. Nílẹ̀ wa, ìyá á bi í, ẹ̀gbọ́n ìyá á bi í, pásítọ̀ tàbí àlùfáà á bi í, ọlọ́pàá mẹ́ta á bi í, olúkúlùkù á sì fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí ọmọ lẹ́nu. Nígbà tó bá dé kóòtù, agbẹjọ́rò afurasí á tò wọ́n kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kì í fi aago àti kàlẹ́ńdà sọ ìtàn, agbẹjọ́rò ìjọba tó nírìírí kò sì ní ju fáìlì nù torí pé ó pe ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní Ọjọ́rú. Ohun tó máa dá a dúró ni bí ọmọ bá dárúkọ ẹni yìí lónìí, tó sì dárúkọ ẹlòmíràn lọ́la. Ó tún gbọ́dọ̀ wò ó bóyá ìjà owó ilé tàbí ìjà orogún wà nídìí ẹ̀sùn. Ẹ má bínú sí i tó bá bi yín ní ìbéèrè yẹn. Ẹni tí wọ́n bá purọ́ irú ọ̀ràn yìí mọ́ kò ní gbádùn orúkọ rẹ̀ mọ́ láé, ọmọ tó bá sì ń sọ òótọ́ ni yóò jèrè nígbà tí ìbéèrè náà bá ti rí ìdáhùn kí wọ́n tó dé kóòtù.

Ká padà sọ́dọ̀ ìyá. Bí lẹ́tà rẹ̀ bá dé Òkè-Mọ́sàn, agbẹjọ́rò tó dáńgájíá á fẹ́ mọ ìdí. Ṣé ọmọ ti sọ pé irọ́ ni òun pa? Ìyẹn ọ̀tọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ wádìí rẹ̀. Ṣé owó ni? Ṣé ilé ọkùnrin náà ni wọ́n ń gbé, tí wọ́n ní àwọn á lé e jáde? Ìyẹn ò yí ohun tó ṣẹlẹ̀ padà. Kóòtù lè fi ìwé pe ìyá wá jẹ́rìí, yálà ó fẹ́ tàbí kò fẹ́. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹlẹ́rìí tí a wọ́ wá lè ní òun ò rántí nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí agbẹjọ́rò fi ń ṣírò bóyá ẹjọ́ lè dúró láìsí i: ìwé ìbí tàbí káàdì ilé ìwòsàn lè sọ ọjọ́ orí dípò ẹnu rẹ̀, olùkọ́ lè sọ bí ọmọ ṣe rí, dókítà lè sọ ohun tó bá lára rẹ̀.

Àwọn àgbà ilé máa ń sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ìjà ilẹ̀ àti ìjà gbèsè ni àwọn baba wa fi ọ̀rọ̀ yẹn parí, ó sì dára níbẹ̀. Ní ti ọ̀ràn tí ẹ̀wọ̀n gbére wà nídìí rẹ̀, ẹni tó bá gba owó tàbí nǹkan ìní lórí àdéhùn pé òun máa bo ọ̀ràn náà mọ́lẹ̀, tàbí pé òun ò ní pẹjọ́, ti ṣẹ̀ sí abala 127 nínú Òfin Ọ̀daràn, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 7. Kí àwọn tó ń gbé owó kiri mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ má sáré lọ fi ọlọ́pàá mú ìyá. Bí ìyá bá wọ àhámọ́, ọmọ ni yóò máa rò pé òun ló fà á, kò sì ní la ẹnu mọ́. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò ìjọba pinnu ìyẹn. Bí ẹ̀yin bá lè rí ìyá bá sọ̀rọ̀ ní jẹ́jẹ́, ẹ sọ fún un pé kì í ṣe òun ló máa sanwó ẹjọ́, pé ìjọba ni agbẹjọ́rò ọmọ rẹ̀. Mo ti rí ìyá tó padà nítorí gbólóhùn kan yẹn.

Bí ẹ̀rí bá ti tó, ìbéèrè mìíràn ṣì kù: ṣé ó dára fún ìlú kí ẹjọ́ yìí wáyé? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n kọ ìbéèrè méjèèjì sílẹ̀ fún àwọn agbẹjọ́rò ìjọba wọn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì: bóyá ó ṣeé ṣe kí wọ́n jàre, àti bóyá ire ìlú béèrè fún un. Tiwa wà nínú abala 211 yẹn náà, tó ní kí Agbẹjọ́rò Àgbà wo ire ìlú, ire ìdájọ́, kí ó sì má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kóòtù ṣe ohun èlò ìnilára. Nínú ẹjọ́ ọmọ tí àgbàlagbà bá lòpọ̀, èmi ò rí bí ire ìlú ṣe lè sọ pé kí a dákẹ́. Ọkùnrin náà ń gbé inú ilé tí ọmọ mìíràn wà. Ibi tí ìbéèrè yẹn ti ń ní ìtumọ̀ gidi ni ìgbà tí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 14 tàbí 15. Kóòtù Ìdílé ni òfin là sílẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀nà àtúnṣe sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá fún un.

Àwọn kan á bi mí pé bí Agbẹjọ́rò Àgbà bá dá ẹjọ́ dúró torí pé ó mọ baba afurasí ńkọ́? Ní 1983, nínú ẹjọ́ Ìlòrí, Ilé Ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé kóòtù ò lè bi í ní ìdí tó fi dá ẹjọ́ dúró. Ẹni tó yàn án sípò àti ohùn àwọn aráàlú ló lè bi í. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kan náà, ní 1987, lẹ́yìn tí wọ́n pa akọ̀ròyìn Délé Gíwá, sọ pé Gani Fawehinmi lẹ́tọ̀ọ́ láti wá sí kóòtù bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pàṣẹ fún DPP ìlú Èkó láti sọ bóyá yóò pẹjọ́ tàbí kò ní pẹjọ́. Gani kì í ṣe ẹbí olóògbé; ọ̀rẹ́ àti agbẹjọ́rò rẹ̀ ni. Wọ́n ní gbogbo aráàlú ni ọ̀ràn ọ̀daràn kàn. Kóòtù ò lè pinnu fún DPP, àmọ́ DPP ò gbọ́dọ̀ jókòó lé fáìlì láìpinnu. Olùkọ́ ọmọ lè béèrè ìyẹn.

Ní ti ọmọkùnrin tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù jó, ó jọ pé fáìlì rẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò kankan. Àwọn ọlọ́pàá á ní "ìbáwí ọmọ ni," wọ́n á ní kí alágbàtọ́ kọ̀wé pé òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Lóòótọ́, abala 295 nínú Òfin Ọ̀daràn gba òbí tàbí alágbàtọ́ láàyè láti na ọmọ tí kò tíì pé 16 tó bá ṣàìgbọràn. Ṣùgbọ́n abala yẹn kan náà ní kò gbọ́dọ̀ di ọgbẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ohun tó bọ́gbọ́n mu fún ọjọ́ orí àti ara ọmọ. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná ò sí nínú ìbáwí níbikíbi. Ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ò ní ọjọ́ tó ń kú. Bí àpá bá ṣì wà lára ọmọ náà, ẹ lè gbé e dìde lónìí, ní oríléeṣẹ́ ọlọ́pàá ní Eléwéẹran. Bí DPP bá tilẹ̀ sọ pé ẹ̀rí ò tó, ìyẹn ò sọ pé kí ọmọ máa bá ẹni tó jó o gbé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ ní Ilé Iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Obìnrin lè gba àṣẹ kóòtù láti mú un kúrò níbẹ̀, ẹ̀rí tí wọ́n nílò fún ìyẹn ò sì wúwo tó ti ẹjọ́ ọ̀daràn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí rèé. Ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ ní ẹ fẹ́ kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ jókòó sílé kọ ọ́ fúnra yín: ọjọ́, aago, ohun tí ẹ rí, àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹ má fi àbá kún un. Ẹ wo ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ yín fún ọjọ́ ìbí ọmọ náà, kí ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ẹ má gbé orúkọ tàbí fọ́tò ọmọ sórí Facebook, bó ti wù kí inú bí yín tó. Ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí àṣírí rẹ̀, agbẹjọ́rò afurasí á sì sọ pé ariwo yín ló kọ́ ọmọ ní ohun tó ń sọ. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò obìnrin, FIDA, ní ẹ̀ka ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n lè bá yín tẹ̀lé e.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí DPP ní Ilé Iṣẹ́ Ètò Ìdájọ́, Òkè-Mọ́sàn. Ojú ewé kan tó. Ẹ kọ orúkọ afurasí, orúkọ kóòtù Májísíréètì àti nọ́ńbà ẹjọ́, tí ẹ lè rí gbà lọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù, ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ síbẹ̀, àti àgọ́ ọlọ́pàá tó wádìí. Ẹ sọ pé ẹ̀yin ni ọmọ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, pé ẹ ṣe tán láti jẹ́rìí, kí ẹ so ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ mọ́ ọn. Ẹ sọ pé ẹ gbọ́ pé ìyá kọ̀wé fà sẹ́yìn, kí ẹ sì bi wọ́n ní tààrà bóyá wọ́n ti pinnu, àti bóyá ohun kan wà tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sára èkejì kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.